Lésà fún ojú tí omi fàdákà sọ di àwọ̀ eérú

Ẹ kú ìtọ́jú màmá o. Ẹ ní omi fàdákà (colloidal silver, omi tí wọ́n po èérún fàdákà mọ́, tí wọ́n ń tà bí oògùn) tí wọ́n ń mu ti sọ ojú wọn di àwọ̀ eérú, ẹ wá ń béèrè bóyá lésà, ẹ̀rọ tó ń ta ìmọ́lẹ̀ líle sí awọ, lè mú un kúrò. Ó lè mú un kúrò. Ó mú tèmi kúrò níbí ní Houston.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ ti ìrora rẹ̀ ná. Dókítà ní á kàn ta mí díẹ̀ ni. Díẹ̀ kẹ̀! Bí ìgbà tí òróró gbígbóná bá ń ta síni lójú ni, tá, tá, tá, láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Òkè ètè ló burú jù. Omijé ń dà lábẹ́ irin tí wọ́n fi bo ẹyinjú mi, mo sì ń gbóòórùn irun tó ń jó. Ìpara amárakú tí wọ́n fi pa mí lójú kò ṣe nǹkan kan, nọ́ọ̀sì ní kí n fara dà á. Abẹ́rẹ́ amárakú ni kí ẹ bá wọn ṣàdéhùn lé lórí, kí màmá tó fọwọ́ síwèé. Àwọn dókítà kan tilẹ̀ máa ń fún èèyàn lóògùn oorun.

Ìnṣọ́ránsì kò san kọ́bọ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹwà ni. Ẹwà!

Dókítà tó kọ́kọ́ rí mi ní mo ń bóra ni, pé kí n jáwọ́ nínú ìpara tí n kò fi kan ara rí. Ẹ ní kí wọ́n gé awọ díẹ̀ fún àyẹ̀wò, fàdákà á hàn níbẹ̀. Hydroquinone, oògùn inú ìpara ìbóra, kì í yọ ọ́, àwọn oògùn tí wọ́n ní ó ń fà á jáde lára náà, owó ìdànù ni.

Q-switched Nd:YAG, 1064 nm (ìyẹn ìwọ̀n ìgbì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀), ni ẹ̀rọ lésà tí ẹ máa béèrè. Kì í tètè jó awọ dúdú bíi tàwọn yòókù. Kí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò lẹ́yìn etí. Kí màmá sì máa sá fún oòrùn.

Ẹ gbọ́ o: tí màmá bá ti gba abẹ́rẹ́ wúrà rí fún làkúrègbé, ẹ sọ fún dókítà. Lésà yìí kan náà lè sọ wúrà inú awọ di dúdú lójú ẹsẹ̀.

Láti 1999 ni FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, ti sọ pé omi fàdákà kì í ṣe oògùn tó dájú, síbẹ̀ wọ́n ń tà á. Ṣé màmá ṣì ń mu ún? Ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn lónìí.