Ṣé ká kọ kóòdù ni, àbí ká fi Zapier so ó pọ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àdìrẹ lèmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń tà n'Ítòkú. Oníbàárà á kọ nǹkan tó fẹ́ sínú Google Form, á sanwó ní Paystack, ẹ̀gbọ́n mi á wá jókòó máa wo ta ló ti san, á fi àmì sí i nínú Sheets, á fi ímeèlì ránṣẹ́, á wá ọlọ́kadà. Bọ̀dá kan ní òun á kọ kóòdù fún gbogbo ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní Zapier, tó máa ń so áàpù pọ̀ kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ fúnra wọn, ti tó, kò sí kóòdù níbẹ̀. Èwo ni ká ṣe? (Aláàdìrẹ, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọjà o, Aláàdìrẹ. Ẹ̀gbọ́n yín ò jayò pa, ẹ fi Zapier bẹ̀rẹ̀. Ẹ lè rò pé ẹ mọ bí iṣẹ́ yín ṣe ń lọ, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ tò ó sójú kọ̀ǹpútà lẹ máa rántí pé ẹnì kan máa ń san ìdajì ná, ẹlòmíì á fi ímeèlì kan ra ti èèyàn méjì. Lórí Zapier ẹ̀yin lẹ máa tún un tò, tó bá ti di kóòdù, bọ̀dá yẹn lẹ ó máa pè, ẹ dẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe máa ń gbé fóònù.

Owó ló máa dùn yín. Gbogbo nǹkan tó bá ṣe ni Zapier ń kà: àmì inú Sheets, ímeèlì, mẹ́séèjì ọlọ́kadà, mẹ́ta nìyẹn lórí oníbàárà kan. Tẹ́ ẹ bá ń rí oníbàárà 40 lójúmọ́, 3,600 nìyẹn lóṣù, 100 péré dẹ̀ ni ti ọ̀fẹ́, dọ́là lẹ máa fi san ìyókù. n8n tó wá láti Jámánì, irú iṣẹ́ Zapier lòun náà ń ṣe, ẹ lè gbé e sórí sáfà tara yín (kọ̀ǹpútà tó máa ń wà ní títàn tọ̀sán-tòru) kẹ́ ẹ má sanwó lórí iye tó ṣe, àmọ́ ta ló máa tọ́jú sáfà ọ̀hún?

Ibi tówó ti ń wọlé nìkan ni mo máa fún bọ̀dá. Ìròyìn owó kan náà lè dé lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti ṣe mí rí, níbòmíì tí mi ò ní dárúkọ: èèyàn kan sanwó bàtà kan, bàtà méjì la gbé fún un, ó gbà á kò dẹ̀ wí nǹkan kan! Ẹ̀bi tèmi ni ṣá, mi ò yẹ reference wò, ìyẹn nọ́mbà tí wọ́n fi ń dá owó kọ̀ọ̀kan mọ̀.

Ẹ ní kí bọ̀dá kọ kóòdù kékeré sórí Google Apps Script, ibi tí Google ti ń jẹ́ kéèyàn kọ kóòdù fún Sheets àti Gmail, ọ̀fẹ́ ni. Ní ìṣẹ́jú 10, 10, kó lọ bi Paystack ta ló ti san, kó wo iye tó wọlé pẹ̀lú, reference tó bá ti wà nínú Sheets, kó fò ó. Tí ètò yín ò bá yí padà mọ́, ẹ kó ímeèlì náà síbẹ̀: Gmail ọ̀fẹ́ ò ní jẹ́ kó ránṣẹ́ sí ju èèyàn 100 lọ lójúmọ́, 40 yín á gbà síbẹ̀ dáadáa.

Inú àkáǹtì Google tiyín ni kó kọ ọ́ sí o, kì í ṣe tiẹ̀. Ẹ má dẹ̀ fi secret key Paystack yín (ọ̀rọ̀ àṣírí tí kóòdù fi ń wọ àkáǹtì Paystack yín) ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, ẹ jókòó tì í, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ fúnra yín.