Ìgbéga Pròfẹ́sọ̀ Yìí, Kí Ló Kan Aláìsàn? Ìdáhùn Sáwọn Lẹ́tà Yín

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀ gan-an ni o, ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ṣèwádìí àrùn àkóràn ní yunifásítì ló sì pọ̀ jù nínú ẹ̀, torí náà òun nìkan la máa sọ.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́. Ọsibítù yunifásítì ni mo ti ń gba ìtọ́jú, ẹ̀ka àrùn àkóràn wọn sì máa ń fún wa ní ìwé ìròyìn lọ́dọọdún. Èyí tó jáde kẹ́yìn, wọ́n ní lágbájá ti di pròfẹ́sọ̀, tàmẹ̀dù gba gíráǹtì (owó ìwádìí), wọ́n gba dọ́kítà tuntun síṣẹ́. Mo bá wọn yọ̀ ṣá, àmọ́ kí ló kan èmi tí mo jókòó tí mò ń dúró de dọ́kítà nínú ẹ̀? — Aláìsàn tó ń kàwé

ÌDÁHÙN: Ó kàn yín gan-an, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ni ò jẹ́ kó hàn. Dọ́kítà tó bá wà nírú ẹ̀ka yẹn, iṣẹ́ mẹ́ta ló ń ṣe pa pọ̀: ó ń tọ́jú aláìsàn, ó ń kọ́ àwọn dọ́kítà tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ó tún ń ṣèwádìí. Iṣẹ́ wọ́ọ̀dù kì í tán, tí kò bá sí gíráǹtì, ìwádìí á di iṣẹ́ òru àti ti òpin ọ̀sẹ̀. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá gbọ́ pé ẹnì kan gba gíráǹtì, ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n ti fún un lówó tó lè fi yọ ọjọ́ mélòó kan sílẹ̀ fún ìwádìí, kó gba nọ́ọ̀sì tó máa bá a tọpa àwọn aláìsàn, kó wá ẹni tó mọ ìṣirò, kó sì dáhùn ìbéèrè kan. Ìbéèrè yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ máa wá nínú ìwé yẹn, ẹ má wo iye owó. Kí ni wọ́n fẹ́ fi wé kí ni? Ara ta ni wọ́n ti máa wò ó? Tí èsì bá jáde, kí ló máa yí padà lórí bẹ́ẹ̀dì aláìsàn? Tí ìwé ìròyìn ò bá sọ èyí, ẹ bi wọ́n, ẹ̀tọ́ yín ni.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 2020. Kòrónà ń pa èèyàn, kálukú ń lo oògùn tó gbọ́ pé ó dáa, hydroxychloroquine, oògùn ibà kan, wà lẹ́nu gbogbo ayé. Peter Horby àti Martin Landray ní yunifásítì Oxford bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan tí wọ́n pè ní RECOVERY ní oṣù kẹta, nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà, wọ́n ti lè sọ fún wa pé hydroxychloroquine ò gba ẹnikẹ́ni tó wà ní ọsibítù là, àti pé dexamethasone, oògùn àtijọ́ tí ò wọ́n rárá, dín ikú àwọn tó wà lórí ẹ̀rọ tó ń bá wọn mí kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Oṣù mẹ́ta péré o! Lójú tèmi, bí wọ́n ṣe sọ pé "eléyìí ò ṣiṣẹ́" yẹn ṣe pàtàkì bíi "eléyìí ṣiṣẹ́", torí ó gba àwọn èèyàn lọ́wọ́ oògùn tí kò ní ṣe wọ́n lóore.

Ti àwọn dọ́kítà tuntun ńkọ́? Ẹ wo ohun tí kálukú wọn mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹnì kan lè jẹ́ ẹni tó mọ̀ nípa àrùn tó máa ń mú àwọn tí wọ́n pààrọ̀ kídìnrín fún, ẹlòmíì lè jẹ́ ẹni tó ń ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń lo áńtíbáyótíìkì ní gbogbo ọsibítù. Báktéríà kan wà tó ń jẹ́ Staphylococcus aureus, tó bá wọ inú ẹ̀jẹ̀ ọ̀rọ̀ ti le nìyẹn, ìwádìí sì ti fi hàn léraléra pé àwọn tí dọ́kítà àrùn àkóràn bá yẹ̀ wò kì í kú tó àwọn tí wọn ò yẹ̀ wò. Torí náà ẹni tuntun kan tí wọ́n gbà síṣẹ́ lè jẹ́ ẹ̀mí èèyàn.

ÌBÉÈRÈ: Báktéríà wọ ẹ̀jẹ̀ bàbá mi látinú ìtọ̀, wọ́n sì dá áńtíbáyótíìkì wọn dúró lẹ́yìn ọjọ́ méje. Nígbà tírú ẹ̀ ṣe ẹ̀gbọ́n mi láyé ijọ́un, ọjọ́ mẹ́rìnlá ni wọ́n fi gba abẹ́rẹ́. Dọ́kítà ní "ìwádìí tuntun" ló sọ bẹ́ẹ̀. Ṣé kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ tètè lé bàbá mi kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì? — Ọmọ tí ọkàn ẹ̀ ò balẹ̀

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìtọ́jú bàbá, Ọlọ́run á fún wọn lálàáfíà. Ohun tí dọ́kítà sọ, òótọ́ ni, mo sì mọ ìwádìí náà. BALANCE lorúkọ ẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2024. Àwọn dọ́kítà ní Kánádà ló ṣáájú ẹ̀, ọsibítù 74 ní orílẹ̀-èdè 7 ló kópa, aláìsàn 3,608 tí báktéríà wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Kèké ni wọ́n fi pín wọn, àwọn kan gba oògùn ọjọ́ méje, àwọn kan gba ti ọjọ́ mẹ́rìnlá. Nígbà tó di àádọ́rùn-ún ọjọ́, nínú àwọn ọlọ́jọ́ méje, ìdá 14.5 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti kú, ti àwọn ọlọ́jọ́ mẹ́rìnlá jẹ́ 16.1. Ìyẹn ni pé ọjọ́ méje tí wọ́n fi lé e yẹn ò fún ẹnikẹ́ni ní àǹfààní kankan.

Inú mi máa ń dùn sí irú ìwádìí yìí ju ti oògùn tuntun lọ, mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ iye ọjọ́ tí wọ́n ń kọ fún wa láti ọjọ́ tó ti pẹ́, àṣà ló gbé e wá, bí ọ̀gá ṣe kọ́ ọmọ iṣẹ́ ni ọmọ iṣẹ́ náà ṣe ń kọ́ tiẹ̀. Ọjọ́ tó bá sì lé, ó ní nǹkan tó ń gbà lọ́wọ́ aláìsàn: áńtíbáyótíìkì máa ń pa báktéríà rere inú ìfun, ìgbẹ́ gbuuru tó le lè bá a dé, àwọn báktéríà tó ṣẹ́ kù sì ń kọ́ bí wọ́n ṣe máa borí oògùn. Èèyàn tí irú báktéríà tí oògùn ò ràn mọ́ yìí pa ní tààrà lágbàáyé lọ́dún 2019, wọ́n ṣírò ẹ̀ sí mílíọ̀nù 1.27.

Irú ẹ̀ tún ni OVIVA, tí wọ́n ṣe ní ọsibítù 26 ní Gẹ̀ẹ́sì, tí èsì ẹ̀ jáde ní 2019. Àwọn tí kòkòrò wọ eegun tàbí oríkèé wọn, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n máa ń fi gba oògùn sí iṣan. Nínú èèyàn 1,054, wọ́n ní kí ìdajì máa lo oníhóró. Lẹ́yìn ọdún kan, ìtọ́jú ò ṣiṣẹ́ fún ìdá 14.6 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gbabẹ́rẹ́, ti àwọn oníhóró sì jẹ́ 13.2. Ẹ rò ó wò, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láìsí ọ̀pá oògùn lọ́wọ́, èèyàn wà nílé ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, BALANCE ò kan Staphylococcus aureus tí mo dárúkọ lókè, kò sì kan àwọn tí kòkòrò ti dé ọkàn wọn, ìyẹn ń fẹ́ oògùn tó pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ bi dọ́kítà bàbá: báktéríà wo ni? Ṣé ẹ ti rí ibi tó gbà wọlé? Tí ibà bá tún gbé wọn, ẹ má dúró rárá, ẹ gbé wọn padà lọ lọ́jọ́ náà.

ÌBÉÈRÈ: Wọ́n ní kí n fọwọ́ sí ìwé láti wọ ìwádìí oògùn kan. Ṣé wọ́n fẹ́ fi mí dán nǹkan wò ni? — Mo ń bẹ̀rù

ÌDÁHÙN: Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n fẹ́ dán nǹkan wò, ẹni tó bá sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ò ṣòótọ́. Ìdí tí wọ́n fi ní láti gba àṣẹ yín nìyẹn. Ẹ lè kọ̀, ẹ lè gbà kẹ́ ẹ tún yọwọ́ lọ́la, kò sì gbọ́dọ̀ ba ìtọ́jú yín jẹ́. Àwọn ìwádìí ńlá tún máa ń ní ìgbìmọ̀ tí kò sí lábẹ́ àwọn tó ń ṣe é, tó ń yọjú wo èsì bó ṣe ń lọ. Irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ló ní kí wọ́n dá ìwádìí kan tó ń jẹ́ PURPOSE 1 dúró ní àárín 2024 ní Gúúsù Áfíríkà àti Ùgáńdà, torí nínú obìnrin 2,134 tó ń gba lenacapavir, abẹ́rẹ́ tó ń dènà HIV, lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó kó HIV, wọ́n wá ní kí wọ́n fún àwọn tó kù náà láǹfààní láti gbà á. Ẹ bi wọ́n bóyá irú ìgbìmọ̀ yẹn wà, kẹ́ ẹ sì mú ìwé náà lọ sílé kà kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i.

ÌBÉÈRÈ: Lẹ́kúrà ni mí ní ẹ̀ka àrùn àkóràn. Ẹ̀ẹ̀kejì rèé tí wọ́n kọ gíráǹtì mi, olórí ẹ̀ka sì ti ń sọ pé kí n gbàgbé láàbù kí n máa ṣe wọ́ọ̀dù nìkan. Ṣé kí n gbà? — Ó ti sú mi

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì gbà. Ẹ ti gbọ́ ti Katalin Karikó, tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2023, òun àti Drew Weissman, lórí iṣẹ́ mRNA (ìyẹn ohun tó ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì ara ohun tó máa ṣe) tí wọ́n fi ṣe abẹ́rẹ́ Kòrónà. Yunifásítì Pennsylvania ló wà nígbà tí gíráǹtì ò wọlé, wọ́n sì já a wálẹ̀ nípò ní 1995. Mi ò sọ ọ́ kẹ́ ẹ lè máa fara da ìyà, àwọn èèyàn fẹ́ràn láti fi ìtàn obìnrin yẹn gbóríyìn fún ìfaradà nìkan, inú mi ò dùn sí i. Ọ̀pọ̀ tó fara dà á bẹ́ẹ̀, a ò gbọ́ orúkọ wọn. Ohun tó gbé iṣẹ́ ẹ̀ dìde ni pé Weissman dé ní 1997, ó ní láàbù, ó ní owó ìwádìí, ó ń wá abẹ́rẹ́ àjẹsára HIV, ohun tí Karikó mọ̀ ọ́n ṣe gan-an ló sì ń wá. Ní 2005 ni wọ́n tẹ iṣẹ́ tó ṣí ọ̀nà náà jáde.

Torí náà ẹ wá ẹni tó lówó, tí ìbéèrè ẹ̀ nílò ọwọ́ yín, ì báà jẹ́ ẹ̀ka míì. Ẹ gba gbogbo ohun tí àwọn tó kọ gíráǹtì yín kọ sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí àgbà kan tó ti gba irú ẹ̀ rí bá yín kà á. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ padà lọ bá olórí ẹ̀ka, ẹ ní kó fún yín ní owó díẹ̀ tó máa gbé láàbù ró fún ọdún kan àti ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tí wọn ò ní pè yín sí wọ́ọ̀dù, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀ka tó bá ń gbéra ga pé òun ní olùwádìí yẹ kó lè ṣe ìyẹn. Tó bá kọ̀, ẹ tún kọ̀wé sí mi, ká jọ sọ̀rọ̀ ibòmíì tẹ́ ẹ lè lọ.