Ẹ Béèrè, Kí A Dáhùn: Afẹ́fẹ́ rádọ̀nì àti ilé ìdí àpáta

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Olóòtú wa. Ọmọ mi tó wà ní Amẹ́ríkà fẹ́ ra ilé, wọ́n sì ní kí ó kọ́kọ́ yẹ afẹ́fẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní rádọ̀nì wò, pé inú òkúta ni ó ti ń jáde àti pé ó ń fa jẹjẹrẹ. Ìdí àpáta gan-an ni a kọ́ ilé tiwa sí ní Òkè-Àró. Nítorí èéfín jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò, a kì í ṣí fèrèsé lálẹ́. Ẹ̀rọ amúlétutù ni a ń lò. Ǹjẹ́ ó yẹ kí a kó kúrò níbẹ̀? *Ìyá Ìbejì, Àkúrẹ́.*

Ìdáhùn: Ẹ má tíì di ẹrù yín, mà. Òótọ́ ni ọmọ yín sọ. Yúréníọ̀mù, irú mẹ́táàlì kan tó ń tú ìtànṣán jáde, wà díẹ̀díẹ̀ nínú àpáta àti ilẹ̀. Bí ó ti ń yí padà ni ó ń di rádíọ̀mù, rádíọ̀mù a sì di rádọ̀nì, afẹ́fẹ́ tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Tí a bá ń fà á símú fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìtànṣán rẹ̀ lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé, láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì, òun ló wà nídìí nǹkan bí 3 sí 14 nínú 100 jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, àwọn tó ń mu sìgá ló sì ń pa lára jù.

Ṣùgbọ́n àpáta tí ojú rí kọ́ ni òṣùwọ̀n. Bí yúréníọ̀mù inú rẹ̀ ti pọ̀ tó, bí ilẹ̀ ti sán tó, àti bí ilé fúnra rẹ̀ ti rí ni ó ń pinnu, débi pé ilé méjì tó fara kanra lè yàtọ̀ síra pátápátá. Ní ọdún 1984, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, aago ìkìlọ̀ ìtànṣán ń dún mọ́ òṣìṣẹ́ kan ní iléeṣẹ́ iná átọ́míìkì tí a kò tíì gbé epo rẹ̀ wọlé rárá. Ìgbà tí wọ́n tọpa rẹ̀ dé ilé ni wọ́n rí i pé rádọ̀nì ilé rẹ̀ ni ó gbé wá síbi iṣẹ́.

Nítorí náà, wíwọ̀n ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Ike kékeré kan wà tí a ń gbé sínú yàrá fún oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ìtànṣán á fi àpá sí lára, tí a ó sì fi ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò. Ẹ̀rọ oníbátìrì tó ń fi iye hàn lójú ẹsẹ̀ náà wà. Ọmọ yín lè fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí yín. Yàrá ìsàlẹ̀ tí ẹ ń sùn ni kí ẹ gbé e sí, kí ó ga kúrò nílẹ̀, kí ó sì jìnnà sí fèrèsé àti ilé ìdáná. Bí ó bá wà lábẹ́ 100 bẹ́kẹ́rẹ́ẹ̀lì (òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ìtànṣán) nínú mítà onígun mẹ́ta kan, ẹ fọkàn balẹ̀. Bí ó bá ju 300 lọ, ẹ má fi falẹ̀.

Ohun tó ń kọ mí lóminú jù nínú lẹ́tà yín ni yàrá tí ẹ ń tì pa. Fèrèsé onígíláàsì pẹlẹbẹ ti àtijọ́ máa ń jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé láì bèèrè, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ amúlétutù inú yàrá kì í mú atẹ́gùn tuntun wọlé, èyí tó wà nínú yàrá náà ni ó ń yí po. Ẹ máa ṣí fèrèsé lọ́sàn-án. Lálẹ́, nígbà tí jẹnẹrétọ̀ bá ń ṣiṣẹ́, ẹ má ṣí èyí tó kọjú sí i: rádọ̀nì ń gba ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó pani lára, èéfín jẹnẹrétọ̀ lè pa odindi ìdílé kí ilẹ̀ tó mọ́.

Bí iye náà bá ga, dídí ojú sísán ilẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ páìpù dára, àmọ́ kì í sábà tó. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ jù ni kí a lu ihò sí kọnkéré ilẹ̀, kí a ki páìpù bọ̀ ọ́, kí ó gba ara ògiri jáde sókè òrùlé, kí fáànù kékeré kan sì máa fa afẹ́fẹ́ abẹ́ ilé sóde.

Ìbéèrè: Mo fẹ́ da kọnkéré ilẹ̀ ilé mi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí ni mo lè ṣe báyìí nítorí rádọ̀nì? *Oníbéèrè láti Ìdànrè.*

Ìdáhùn: Ẹ béèrè lásìkò, ọ̀gá. Kí bíríkìlà yín tó dà á, kí ó tẹ́ òkúta wẹ́wẹ́, kí ó na páìpù oníhò sínú rẹ̀, kí ẹnu rẹ̀ kan sì yọ sókè, kí ó wá tẹ́ náílọ́nù tó nípọn lé e, kí ó má sì jẹ́ kí ó ya. Bí ẹ kò bá nílò fáànù títí láé, owó páìpù nìkan ni ó lọ. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti kó wọlé, ẹ wọ̀n ọ́n.