Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ẹkúndayọ̀ Phillips, Ẹni Tí Ó Ní Kí Orin Tẹ̀lé Ohùn Ọ̀rọ̀

Nínú àtẹ̀jáde wa tí ó kọjá, ìlà méjì péré ni a fi mẹ́nu ba orin ìjọ. Ìlà méjì náà ni ó fa lẹ́tà tí ó pọ̀ jù lọ tí a ti gbà láti ìgbà pípẹ́ wá, orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ni ó sì ń jáde nínú èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Nítorí náà ni a ṣe ya gbogbo ojú ewé yìí sọ́tọ̀ fún un.

Láti Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin Olóòtú, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Èmi ni adarí ẹgbẹ́ akọrin ní ìjọ Áńgílíkà kan níbí. Nígbà tí a ń múra ìkórè sílẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tẹ́nọ̀ mi rí “T. K. E. Phillips” lókè ìwé orin tí mo pín fún wọn, ó sì bi mí pé òyìnbó wo nìyẹn. Mo mọ̀ pé kì í ṣe òyìnbó, ṣùgbọ́n ohun tí mo lè sọ kò ju pé ó tẹ dùùrù ní Èkó láyé àtijọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ta ni bàbá yìí gan-an?

Ìdáhùn: Ọmọ Yorùbá ni, Thomas King Ẹkúndayọ̀ Phillips sì ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Ọdún 1884 ni wọ́n bí i, ọdún kan náà tí iṣẹ́ ìtumọ̀ odindi Bíbélì sí èdè Yorùbá parí. Èmi kò lè ka ìyẹn sí ohun kékeré, nítorí pé ọ̀rọ̀ inú Bíbélì náà ni ó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ wá ohùn tí ó tọ́ sí.

Ilé-ẹ̀kọ́ CMS Grammar School ní Èkó ni ó lọ, ìbátan rẹ̀ kan tí ó jẹ́ àlùfáà ni ó sì kọ́kọ́ fi ọwọ́ rẹ̀ lé dùùrù. Ọmọ ọdún 18 péré ni nígbà tí wọ́n fi í ṣe atẹdùùrù ní Ìjọ St Paul’s, Breadfruit, ó sì lo ọdún mẹ́sàn-án níbẹ̀. Ní 1911, ó wọ ọkọ̀ òkun lọ sí London, ó sì kọ́ dùùrù, pianó àti fayolíìnì ní Trinity College of Music. Ó padà wálé ní 1914, ọdún tí Lugard so Gúúsù pọ̀ mọ́ Àríwá, wọ́n sì fi í ṣe atẹdùùrù àti ọ̀gá orin ní Ìjọ Christ Church ní Marina, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí Kàtídírà lónìí. Orí àga yẹn ni ó wà títí di 1962, nígbà tí Nàìjíríà ti gba òmìnira tán. Ọdún 48 gbáko ni. Wọ́n kọ́ ilé ìjọsìn náà yí i ká, a lè sọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé inú àkókò rẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé tí ó wà níbẹ̀ báyìí tí wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1946. Inú àkókò rẹ̀ náà ni dùùrù ńlá tuntun dé ní 1932. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì, ọmọ rẹ̀, Charles Olúwọlé Ọbáyọ̀mí Phillips, ni ó bọ́ sí orí àga náà. Bàbá fúnra rẹ̀ papò dà ní 1969.

Àwọn orin rẹ̀ kò pọ̀ bí ti ẹlòmíràn. Ó kọ Sáàmù àti orin ìsìn lédè Yorùbá fún ẹgbẹ́ akọrin, ó sì gbé orin ìbílẹ̀ wa sórí dùùrù nínú Passacaglia on an African Folk Song àti Variations on an African Folk Song. Ẹ sọ fún ọmọ tẹ́nọ̀ yín pé ẹni tiwa ni.

Láti Peckham, London

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin Olóòtú. Ìyá mi wà lọ́dọ̀ mi níbí, ọmọ mi tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá sì ń kọ́ Yorùbá lẹ́nu wọn. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, ó bi mí pé kí ló dé tí ọ̀rọ̀ tí màmá àgbà ń sọ kì í dún bákan náà mọ́ bí a bá kọ ọ́ lórin láti inú ìwé orin. Ṣé etí ọmọ mi ni kò tíì mọ èdè dáadáa ni? Ẹnì kan sọ fún mi pé Phillips ti kọ̀wé lórí irú ọ̀rọ̀ yìí.

Ìdáhùn: Ẹ bá mi kí ọmọ yín, etí rẹ̀ mú. Ohun tí ó gbọ́ yẹn gan-an ni Phillips gbọ́ tí kò jẹ́ kí ó sinmi.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jókòó ní kíláàsì Yorùbá rí mọ dò, re, mí. Dò ni ohùn ìsàlẹ̀, re ni ohùn àárín, mí ni ohùn òkè. Ọkọ tí ìyàwó ń pè ní olówó orí jẹ́ re re. Ọkọ́ tí àgbẹ̀ fi ń roko jẹ́ re mí. Ọkọ̀ tí a ń wọ̀ jẹ́ re dò. Ọ̀kọ̀ tí jagunjagun ń jù jẹ́ dò dò. Lẹ́tà kan náà ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ohùn ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Kí a tó dé ilé ìjọsìn rárá ni orin ti wà lẹ́nu wa.

Wàyí o, ẹ mú orin tí wọ́n kọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èdè tí kì í fi gíga ohùn ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì bí tiwa, kí ẹ gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá lé e lórí. Àwọn atúmọ̀ orin wa àtijọ́ ka sílébù, wọ́n sì ṣe é tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n orin náà kò kúrò níbi tí ó wà. Níbi tí ó bá ti gòkè lórí ọkọ̀, ọkọ́ ni ẹni tí ó ń gbọ́ yóò gbọ́. Ohun tí ó tún mú un le ni pé orin ẹlẹ́sẹẹsẹ ni: bí ẹsẹ kìíní bá tiẹ̀ bá ohùn mu, ẹsẹ kejì ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ní ohùn tirẹ̀, orin kan náà ni a ó sì fi kọ méjèèjì. Ti Sáàmù tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé nínú kíkọ Sáàmù lọ́nà ti Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì, a máa ń to ọ̀rọ̀ púpọ̀ sórí nóòtì kan ṣoṣo kí ohùn tó yí padà, bí ẹni pé re nìkan ni Ọlọ́run dá mọ́ wa lẹ́nu. Mo rántí ìgbà tí mo wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ọmọdé, bí ìyá àgbà kan tí ó máa ń jókòó nítòsí wa ṣe máa ń ṣí Bíbélì rẹ̀ tí yóò sì máa fi ìka tọ ìlà bí a bá ti bẹ̀rẹ̀ Sáàmù. Mo rò nígbà náà pé ó ń bá wa kà á ni. Ó pẹ́ kí ó tó yé mi pé kò gbọ́ ohun tí a ń sọ ni.

Ẹ wo ìbẹ̀rẹ̀ Sáàmù 121: Èmi ó gbé ojú mi sí orí òkè. Ẹ kà á jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Èmi ó jẹ́ dò re mí, bí ẹni tí ó ń gun àkàsọ̀. Gbé dúró lókè níbẹ̀, ojú rẹlẹ̀ díẹ̀ ó tún gòkè, a sì ń lọ bẹ́ẹ̀ títí a fi dé òkè fúnra rẹ̀, níbi tí ohùn ti bọ́ sí dò dò. Ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ orin lọ́dọ̀ òyìnbó nìkan yóò fẹ́ fi nóòtì tí ó ga jù lọ sórí ọ̀rọ̀ yẹn, nítorí pé òkè ga. Èdè Yorùbá kò ní gbà fún un. Nínú èdè tiwa, ẹni tí ó ń wòkè ni ohùn rẹ̀ ń gòkè. Òkè jókòó sílẹ̀, kò mì. Èmi kò rò pé ọ̀nà tí òyìnbó ń gbà yàwòrán òkè nínú orin lè dára ju èyí lọ.

Ohun tí Phillips dúró lé lórí nìyí. Ní 1953, nígbà tí ó ti ń sún mọ́ àádọ́rin ọdún, African Music Society ní Johannesburg tẹ ìwé rẹ̀ tí ó pè ní Yoruba Music jáde. Ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wúwo: pé ọ̀rọ̀ àti orin ti wọnú ara wọn lọ́dọ̀ wa, pé orí nóòtì márùn-ún ni ọ̀pọ̀ orin wa dúró lé, àti pé ibẹ̀ ni ó yẹ kí ẹni tí yóò hun orin fún ìjọ Yorùbá ti bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tí kò mọ ti òyìnbó. Ẹni tí ó ti fi bí ogójì ọdún tẹ dùùrù ní Kàtídírà ni ó sọ ọ́.

Ìṣòro kan ṣì wà tí àwọn tí ó ń kọ orin ọlọ́pọ̀ ohùn mọ̀. Bí sopránò, ohùn tí ó wà lókè pátápátá, bá tẹ̀lé ọ̀rọ̀, àwọn ohùn tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, áàtò, tẹ́nọ̀ àti béèsì, ńkọ́, tí wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀kan náà? Bí gbogbo wọn bá jọ ń gòkè jọ ń sọ̀ kalẹ̀, òfin ìṣọ̀kan ohùn tí a kọ́ láti Yúróòpù yóò ní kò dára. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí ẹ bá gbọ́ àwọn obìnrin wa tí wọ́n ń gberin níbi ìnáwó, ẹni tí ó bá gbà á nísàlẹ̀ kì í ya kúrò lẹ́yìn ẹni tí ó wà lókè; ìṣísẹ̀ kan náà ni wọ́n jọ ń rìn, ọ̀rọ̀ sì ń yéni. Láàárín òfin méjì yìí ni gbogbo ẹni tí ó ń kọ orin ọlọ́pọ̀ ohùn lédè wa wà títí di òní. Èmi gbà pé ti ìyá wa ni kí a gbọ́.

Láti Iléṣà

Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Ṣé Phillips ni ó kọ́kọ́ fi ohùn ìbílẹ̀ kọ orin ìjọ?

Ìdáhùn: Rárá. Láti ìgbà tí àwọn ọmọ wa kan ti yà kúrò lára Ìjọ Onítẹ̀bọmi àwọn òyìnbó ní Èkó ní 1888, Mojọlá Agbebi sì wà lára àwọn aṣáájú wọn, ni ọ̀rọ̀ orin ìbílẹ̀ nínú ìjọ ti wà nílẹ̀. Ní Abẹ́òkúta, Àlùfáà J. J. Ransome-Kútì ti ń kọ irú orin bẹ́ẹ̀ kí Phillips tó gbajúmọ̀, ó sì lọ sí London ní 1922 láti gbohùn àwọn orin rẹ̀ sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Zonophone. Orin tí gbogbo ìjọ lè gbè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni Ransome-Kútì fún wa. Phillips gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ akọrin olóhùn mẹ́rin àti dùùrù, ó sì kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀.

Láti Ìbàdàn

Bí bàbá yìí bá fẹ́ràn èdè wa tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ó fi jókòó sídìí dùùrù òyìnbó fún ọdún 48 dípò kí ó mú ìlù wọlé? Kí ni ó sì fi sílẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ má gbàgbé irú ìgbà tí ó jẹ́. Àwọn míṣọ́nnárì ti so ìlù mọ́ òrìṣà, ọ̀pọ̀ ìjọ ni kò sì fẹ́ kí ó kọjá ẹnu ọ̀nà. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ Phillips ni ó lò. Ó mú orin ìbílẹ̀ gba inú páìpù dùùrù jáde nínú ilé tí ìlù kò gbọdọ̀ wọ̀, ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré lójú mi.

Àwọn ènìyàn ni ó fi sílẹ̀ jù lọ. Fẹlá Ṣówándé, tí wọ́n bí ní 1905, kọ́ dùùrù lọ́dọ̀ rẹ̀ kí ó tó lọ sí London, níbi tí ó ti gba oyè Fellow ti ẹgbẹ́ àwọn atẹdùùrù, Royal College of Organists, ní 1943, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó dé ipò náà. Orí orin ìjọ Yorùbá ni ó gbé Oyígíyigì àti K’á Múra kà, àwọn atẹdùùrù ní Amẹ́ríkà sì ń tẹ̀ wọ́n títí di òní. Amẹ́ríkà náà ni ó kú sí ní 1987.

Ayọ̀ Bánkọ́lé náà gba ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ Phillips. Jos ni wọ́n bí i sí ní 1935, bàbá rẹ̀ sì jẹ́ atẹdùùrù níbẹ̀. Ó kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ orin Guildhall ní London, ó sì kọjá sí Clare College ní Cambridge, kí ó tó padà wá kọ́ni ní Yunifásítì Èkó. Ó kó àwọn ọmọbìnrin láti ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Èkó jọ, ó pe ẹgbẹ́ wọn ní Choir of Angels, ó sì kọ orin fún wọn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1976, wọ́n pa òun àti aya rẹ̀. Ẹni ọdún 41 ni. Títí di òní, bí mo bá ti dé ibi ọjọ́ yìí nínú ìtàn orin wa, mo máa ń dúró díẹ̀ kí n tó lè tẹ̀síwájú.

Láti Àkúrẹ́

Mo fẹ́ kọ orin kan fún àjọ̀dún ìjọ wa, mo sì mọ sọ́fà, ìyẹn dò-re-mí tí a fi ń kọ orin sílẹ̀, díẹ̀. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ má fọwọ́ kan dùùrù ná. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ yín sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, gbogbo rẹ̀, kí ẹ sì kà á jáde bí ẹni tí ó ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀, títí ẹ ó fi gbọ́ ibi tí ohùn ti ń gùn àti ibi tí ó ti ń sinmi. Kò pọn dandan kí mí kọ̀ọ̀kan wà lórí nóòtì kan náà. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé kí orin gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti gòkè, kí ó sì sọ̀ níbi tí ó ti sọ̀. Bí orin yín bá ní ẹsẹ mẹ́ta, ẹ jẹ́ kí ohùn yí padà díẹ̀ ní ẹsẹ kọ̀ọ̀kan, tàbí kí ẹ lo lílé àti ègbè, kí ọ̀rọ̀ tuntun wà lẹ́nu ẹni tí ó ń lé, kí ègbè má sì yí padà.

Nígbà tí ẹ bá parí sopránò, ẹ má tíì kọ áàtò. Ẹ wá àgbàlagbà kan tí kò mọ ìwé orin rárá, kí ẹ sọ fún un pé ọ̀rọ̀ Sáàmù ni, kí ẹ wá fi imú kùn ún sí i létí láìpe ọ̀rọ̀ kankan, bí ìgbà tí onílù dùndún bá ń pe ènìyàn lóríkì. Bí ó bá lè sọ ohun tí ẹ sọ, ẹ lè wá tẹ́nọ̀ àti béèsì.