Ṣé ohun kan náà ló ń ṣiṣẹ́ nínú irú àti ẹmu?

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ nìyí: ẹlẹ́mu kì í fọ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ inú akèrègbè rẹ̀ tán kó tó gbé e padà sórí ọ̀pẹ. Oníirú ní tirẹ̀ kì í bu irú àná mọ́ tuntun. Kí ló fà á?

Ohun abẹ̀mí tó kéré ju ohun tí ojú lè rí ló ń ṣiṣẹ́ nínú méjèèjì, sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀yà wọn jìnnà síra gan-an.

Ti irú ni bakitéríà tó ń jẹ́ Bacillus subtilis. Sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kò ní yàrá nínú. DNA rẹ̀, ìyẹn àkọsílẹ̀ àbùdá rẹ̀, kàn lọ́ mọ́ra níbẹ̀ ni, kò sí kóró tó pa á mọ́. Síbẹ̀, bí nǹkan bá le, ó mọ bó ṣe ń sọ ara rẹ̀ di hóró líle tí omi híhó kì í tètè pa. Ẹ rántí pé wọ́n ń se èso igi irúgbá, tí wọ́n fi ń ṣe irú, fún ọ̀pọ̀ wákàtí, wọ́n á bó o, wọ́n á tún un sè, wọ́n á wá fi ewé bò ó ní gbígbóná, wọ́n á wé e fún bí ọjọ́ 2 sí 4. Iná ti pa ọ̀pọ̀ ohun tí ì bá bá a du oúnjẹ. Bakitéríà yìí tó kù lára èso, ewé àti igbá tó iṣẹ́ ṣe. Òun ló ń mú kí irú máa fà, kó sì máa rùn.

Ìwúkàrà ló ń ṣiṣẹ́ nínú ẹmu. Ìbátan olú ni. Sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ tóbi ju ti bakitéríà lọ dáadáa, ó ní kóró tí DNA wà nínú rẹ̀, ó sì ní àwọn yàrá mìíràn, bíi sẹ́ẹ̀lì tiwa gan-an. Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu jù nìyí: ìwúkàrà bá èèyàn tan ju bó ṣe bá bakitéríà inú irú tan lọ! Ó ń sọ ṣúgà omi ọ̀pẹ di ọtí, afẹ́fẹ́ tó ń tú jáde ló ń di ìfófòó. Ìwúkàrà ló pọ̀ nínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn. Irúgbìn ẹmu ọ̀la ni ẹlẹ́mu ń pa mọ́.

Àmọ́ àwọn bakitéríà mìíràn wà nínú ẹmu àti gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú. Bó bá di ọjọ́ kejì, tí afẹ́fẹ́ ń kàn án, àwọn ni wọ́n á sọ ọtí inú rẹ̀ di kíkan. Lójú tèmi, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tí wọ́n ń ṣẹ́ kù mọ níwọ̀n.