Ìlà EEG tó dákẹ́ lórí ọmọ eku: ẹ má tíì tú waya

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ìlà EEG (àkọsílẹ̀ iná tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọpọlọ) ọmọ eku funfun ọlọ́jọ́ 6 ń lọ gbọọrọ láìmì fún ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú-àáyá, waya sì tún ń bọ́ kúrò lórí. Ẹ ṣe sùúrù ná. Ọpọlọ ọmọ eku tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan kì í ṣiṣẹ́ láìdáwọ́ dúró bíi ti àgbà. Ìgbì á rú sókè, nǹkan bí 10 Hz (ìgbà mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan), fún ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí méjì, á tún rọlẹ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ kan àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọ̀tún. Bí waya bá wà ní apá òsì ọpọlọ, níbi tó ń gba ìfọwọ́kàn ẹsẹ̀ yẹn, ìgbì á dìde kíá.

Bí kò bá dìde, ẹ wo ooru ara rẹ̀. Ara ìyá àti ti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ló fi ń móoru nínú ìtẹ́. Bó bá dá wà, á tutù, ọpọlọ á sì dákẹ́. Nǹkan bí 35°C ló yẹ kó wà. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó ń yí po nínú rọ́bà lábẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ lò, torí ìbùsùn oníná á da ariwo iná 50 Hz bo gbogbo ìlà. Isoflurane, gáàsì tí wọ́n fi ń kun eku lóorun, náà ń tẹ ìgbì yìí rì: ó kéré tán, ẹ dúró fún wákàtí kan lẹ́yìn tí ẹ bá ti dá gáàsì dúró.

Ní ti waya, agbárí yẹn tínrín jù fún sikúrúù. Waya fàdákà 0.125 mm ti tó. Ẹ fi ọwọ́ yí abẹ́rẹ́ 27G (abẹ́rẹ́ tínrín) díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi lu agbárí. Ẹ yẹra fún àárín orí gan-an, iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá wà lábẹ́ ibẹ̀. Waya ìfiwéra, orí cerebellum (ọpọlọ kékeré tó wà lẹ́yìn) ni.

Ọ̀rinrin ló sábà ń jẹ́ kí gúlù bọ́. Ẹ fi òwú nu agbárí títí tí kò fi ní dán mọ́, kí ẹ tó kán súpà gúlù. Símẹ́ńtì eyín á tẹ̀lé e, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ìpele kan lẹ́yìn èkejì: ó máa ń gbóná bó bá ń gan, bó bá sì nípọn, á jó ohun tó wà lábẹ́.

Nígbà tí ẹ bá ń sẹ́ ìlà náà, ẹ má ṣe gé ohun tó wà lábẹ́ 1 Hz dànù o. Ìgbì 10 Hz kéékèèké yẹn sábà máa ń gun ìgbì ńlá tó ń lọ jẹ́jẹ́.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wo ikùn rẹ̀: wàrà funfun gbọ́dọ̀ hàn lábẹ́ awọ. Bí funfun yẹn bá ti ń pòórá, ẹ dá a padà sọ́dọ̀ ìyá. Ẹ nu ẹ̀jẹ̀ kúrò, kí ẹ fi ohun tí wọ́n tẹ́ sínú ìtẹ́ pa á lára, kí ìyá má baà jẹ ẹ́.