Ènì fún òṣìṣẹ́ nígbà ìrìn àjò ìsinmi: ṣé sàráà ni àbí àbẹ̀tẹ́lẹ̀?

Ìbéèrè: Àsàlámù àláékùm, Àlùfáà wa. Èmi àti ìyàwó mi ń múra àtilọ sinmi nílẹ̀ òkèèrè fún ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n ní a ó máa fún ẹni tó bá gbé ẹrù wa, ẹni tó gbé oúnjẹ síwájú wa, àti ẹni tó ń tún yàrá wa ṣe lówó, yàtọ̀ sí èyí tí a ti san. Ìyàwó mi ní sàráà ni. Ọ̀rẹ́ mi kan ní àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni, pé Ànábì ti ṣẹ́ èpè lé ẹni tó ń fúnni àti ẹni tó ń gbà á. Ọ̀pọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ náà kì í sì í ṣe Mùsùlùmí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí a ṣe?

Ìdáhùn: Wa àláékùmú sàlámù wa ráhmátúlláhì.

Hádíìsì, ìyẹn ọ̀rọ̀ Ànábì, tí ọ̀rẹ́ yín sọ wà lóòótọ́. Abu Dawud àti Tirmidhi, àwọn onímọ̀ tó kó hádíìsì jọ, gbà á wá. Ibi tó ti ṣì í ni orúkọ tó fún owó yìí. Ẹ fetí sí ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀: à-bẹ̀-tẹ́lẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ tí a ti bẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó délẹ̀ ni, kí ẹni tó ní agbára lè gbé ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn fún wa, tàbí kó dijú sí àìdáa wa. Èyí tí ẹ ń béèrè yìí, lẹ́yìn iṣẹ́ ló ń wá. Ẹrù ti dé yàrá, wọ́n ti palẹ̀ àwo mọ́, owó tí ẹ jọ dá lé e sì ti pé. Ènì ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ ọlọ́jà la mọ ènì sí jù.

Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, fi ènì sí owó. Suwayd ọmọ Qays ní àwọn kó aṣọ wá sí Mẹ́kà láti Hajar, Ànábì sì wá ná ṣòkòtò kan lọ́wọ́ àwọn. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń bá ènìyàn wọn nǹkan, tó ń gba owó iṣẹ́. Ànábì sọ fún un pé: “Wọ̀n ọ́n, kí o sì jẹ́ kó tẹ̀.” Ẹ rántí pé òun ni oníbàárà o. Owó tirẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀n, torí òṣùwọ̀n ni wọ́n fi ń san owó nígbà náà, òun náà ló ní kí òṣùwọ̀n tẹ̀ sọ́dọ̀ ọlọ́jà. Nígbà tó ra ràkúnmí lọ́wọ́ Jabir, ọmọlẹ́yìn rẹ̀ kan, ó ní kí Bilal san owó rẹ̀ kó sì fi kún un, Jabir ò sì jẹ́ kí ènì yẹn kúrò nínú àpò rẹ̀ mọ́. Èyí tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ yín jù ni ti Abu Taybah, ẹrú tó fa ẹ̀jẹ̀ fún Ànábì. Ànábì ní kí wọ́n fún un ní sáà dàbínù kan (òṣùwọ̀n oúnjẹ ayé ìgbà náà ni sáà), ó tún bá àwọn olówó rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí wọ́n dín owó tí wọ́n bù lé e pé kó máa san fún wọn kù.

Àmọ́ o, owó kan náà lè di hàráámù. Bí ẹ bá ki owó bọ ẹni tó wà ní káńtà lọ́wọ́ kó lè fún yín ní yàrá tó ju èyí tí ẹ san owó rẹ̀ lọ, dúkìá onílé lẹ rà lẹ́yìn onílé. Bó bá gbé yín síwájú àwọn tó ti ń dúró, ẹ̀tọ́ wọn lẹ rà. Ti ẹnubodè ló burú jù, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tẹ òǹtẹ̀ sí ìwé ìrìnnà àti ẹni tó ń yẹ ẹrù wò. Ẹ má fún wọn ní nǹkan kan, bó ti wù kí wọ́n rẹ́rìn-ín tó. Bukhari àti Muslim gbà á wá pé Ànábì rán Ibn al-Lutbiyyah lọ gba sàká. Nígbà tó dé, ó ní: “Èyí ni tiyín, èyí ni wọ́n fi ta mí lọ́rẹ.” Ànábì bínú, ó béèrè ìdí tí kò fi jókòó sílé bàbá àti ìyá rẹ̀ kó wò ó bóyá wọn yóò fún un. Ẹni tó ń tún yàrá yín ṣe ò ní àṣẹ kankan lórí ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá rẹ̀ bá ti kà á léèwọ̀ fún un, ẹ má fi dandan lé e. Ẹ ó sọ ọ́ di ọ̀dàlẹ̀ nídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Owó ìṣiṣẹ́sìn tí wọ́n ti kọ mọ́ owó oúnjẹ tàbí ti yàrá, gbèsè ni. Súúrátul Máídà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ pé kí a mú àdéhùn ṣẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ìṣe ìlú tí ẹ ń lọ, torí àwọn onímọ̀ ní àṣà tó fìdí múlẹ̀, tí kò tako ẹ̀sìn, ni adájọ́. Ní Amẹ́ríkà, òfin ìjọba àpapọ̀ ti gbà láti ọdún 1991 pé kí agbanisíṣẹ́ máa san dọ́là 2.13 ní wákàtí kan fún ẹni tó ń gba ènì, kí ènì oníbàárà máa dí ìyókù owó iṣẹ́ rẹ̀. Lójú tèmi, ẹni tó jẹun níbẹ̀ tó dìde láìfi nǹkan sílẹ̀ ti jẹ lára owó iṣẹ́ ẹlòmíràn. Ní Jàpáànì ẹ̀wẹ̀, wọn kì í sábà gbà á, ọpẹ́ ẹnu ti tó wọn.

Ìyàwó yín náà ò jìnnà sí òótọ́. Bí ẹ bá gbèrò ojú rere Ọlọ́hun, ẹ ó gba ẹ̀san sàráà. Ẹ má kàn kà á mọ́ sàká yín, torí sàká ní ìsọ̀rí mẹ́jọ tirẹ̀ nínú Súúrátu Taobah, áyà 60, ohun tí a sì fi san oore iṣẹ́ kì í ṣe sàká. Ní ti àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí, Súúrátul Mumtahánà, áyà 8, gbà wá láyè láti ṣe dáadáa sí ẹni tí kò bá wa jà nítorí ẹ̀sìn.

Bí ẹ ṣe fún un ló jẹ mí lógún jù. Súúrátul Bákórà, áyà 264, ní kí a má fi ìrègún àti ìnira ba sàráà wa jẹ́. Nígbà kan, mo fi owó sábẹ́ ife lórí tábìlì nínú yàrá tí mo dé sí, mo jáde. Nígbà tí mo padà, wọ́n ti gbálẹ̀, wọ́n ti pààrọ̀ aṣọ ibùsùn, wọ́n ti fọ ife, owó sì wà lórí tábìlì, wọ́n tò ó dáadáa. Mo bá obìnrin náà lórí àtẹ̀gùn. Ó ní: “Ọ̀gá, ẹ ò sọ pé tèmi ni. Bí mo bá mú un, tí ẹ wá ní ẹ ń wá owó ńkọ́?” Èmi rò pé oore ni mo ṣe, ẹ̀rù ni mo fi sílẹ̀ fún un. Látìgbà náà, mo máa ń kọ ọ́ sórí bébà pé tìrẹ ni, ẹ ṣé, bí n ò bá lè fi lé e lọ́wọ́.

Bí owó ò bá sí, ẹ dúpẹ́ lẹ́nu, kí ẹ sì ṣàdúà fún un. Ànábì ní ẹni tí kò dúpẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn kò dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun.

Ẹ ṣẹ́ owó yín sí wẹ́wẹ́ kí ẹ tó gbéra, kí ìyàwó yín sì máa tọ́jú rẹ̀ lọ́tọ̀. Ọlọ́hun á mú yín lọ re, á mú yín bọ̀ re.